Àṣìṣe tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kí ẹ tó bá ọkọ̀ ìwádìí lọ sójú òkun

Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, létí ọ̀sà. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sójú òkun máa ń kọ́kọ́ kó wọn wá sọ́dọ̀ wa kí wọ́n fi ọ̀sà dánra wò. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń bá wọn wọkọ̀, èmi náà sì ti rìnrìn àjò òkun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Owó ló ń dùn mí. Owó òbí yín, owó tí àwọn kan lọ yá, ni ẹ fi ń ra ohun tí kò ní wúlò, ohun tí kò sì ju owó àkàrà lọ á wá di àwátì láàárín omi.

Àkọ́kọ́, ẹ má wọ bàtà tuntun wọkọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, á ti bó yín lẹ́sẹ̀.

Ìkejì, oògùn tí kì í jẹ́ kí èèyàn bì lórí omi. Kí ọkọ̀ tó ṣí ni à ń lò ó. Ẹni tí ó bá dúró dìgbà tí òòyì ti ń kọ́ ọ, á bì í jáde ni. Ẹ bi apòògùn léèrè èyí tí ó bá ara yín mu, torí òmíràn a máa kun èèyàn lóorun. Ẹ má sì sọ fún mi pé ọmọ etí omi ni yín. Ìgbì ọ̀sà á kàn gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ti òkun á gbé e sókè lódindi, á sọ ọ́ kalẹ̀, tọ̀sán tòru.

Ìkẹta, ara là ń so láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ yéé fi jókòó.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí gan-an ni orúkọ tí à ń kọ sára ìgò tí a fi ń kó ohun inú omi. Lóṣù kẹfà tó kọjá, ọmọ kan gbé kámẹ́rà tí ń yàwòrán lábẹ́ omi wá, tuntun nínú páálí. Òjò ti rọ̀, omi ti pọ́n. Àwo funfun-òun-dúdú tí a sọ sínú omi láti mọ bí ojú ṣe lè ríran wọ ibẹ̀ tó, kò tíì lọ sílẹ̀ tó mítà kan tí a ò fi rí i mọ́. Kí ni kámẹ́rà fẹ́ yà níbẹ̀? Ọmọ yìí kan náà ò ní pẹ́ńsù. Máákà kan ṣoṣo ni òun àti àwọn mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ gbọ́ bí máákà ṣe ṣe mí. Ìrìn àjò mi àkọ́kọ́ sójú òkun, òru mẹ́ta ni a fi kó àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ń léfòó nínú omi sínú ìgò 64, a da sípírítì sí i kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Máákà ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Lóru tó kẹ́yìn ìgbì mi àpótí, ìgò kan sán, sípírítì rin gbogbo ìyókù. Nígbà tí mo gbé ìgò síbi ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀, àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló kù lára rẹ̀, bí àdìrẹ tó ti ṣí. Èyí tó wá láti mítà 10 àti èyí tó wá láti mítà 200, n ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Ó kàn gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo lọ sunkún sí.

Pẹ́ńsù ò ń ṣí nínú sípírítì, kò ń ṣí nínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹ̀dá jẹrà. Ẹ fi kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà àti bí ó ṣe jìn tó sára bébà tó nípọn tí omi kì í tètè jẹ, kí ẹ fi bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú ohun tí ẹ kó. Ẹ tún kọ ọ́ síta, sára ìgò, ẹ má kọ ọ́ sórí ọmọrí, torí ọmọrí a máa pààrọ̀ ara wọn. Kí ẹ sì fún ìgò ní nọ́ńbà látilé, nígbà tó ṣì gbẹ: sẹ́lótéèpù kì í mú ara ìgò tó tutù.

Bí ẹ bá fẹ́ wo DNA, ìyẹn ohun inú ara ẹ̀dá tó gbé àbùdá rẹ̀, ẹ má da formalin sí ohun tí ẹ kó.

Ìgò tí ẹ fẹ́ fi wọn afẹ́fẹ́ inú omi, bí ìhó afẹ́fẹ́ kan bá wà nínú rẹ̀, ẹ dà á nù kí ẹ tún un bù.

Ẹ̀rọ tí ń wọn iyọ̀ náà ńkọ́? Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún níbí pé tòun ti bàjẹ́, pé òdo ló ń kọ. Kò bàjẹ́, omi wa níbí ni kò níyọ̀. Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn ló ń da omi wọn sápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu òkun tí iyọ̀ ń gbà wọlé, Èkó lọ́hùn-ún ló wà. Omi òkun ní iyọ̀ tó gíráàmù 35 nínú kílò kan. Nítorí náà, ẹ po omi oníyọ̀ tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dání wá, kí ẹ fi yẹ ẹ̀rọ yín wò kí ẹ tó gbé e kúrò nílé.

Sátidé ni àwọn tó kàn ń bọ̀. Mo ti ra pẹ́ńsù méjìlá sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó wá gbà kó tó wọkọ̀.