Bí mo ṣe tẹ rosewood fún ẹ̀gbẹ́ gìtá n'Ìkòròdú

Ẹ̀gbẹ́ gìtá tí mò ń kàn ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Ìgbógbó ti dúró báyìí, mo wá ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe é torí àwọn tó ń béèrè pọ̀. Rosewood ti India ni mo lò, igi líle kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dalbergia latifolia. Kì í ṣe igi tẹ́ ẹ kàn máa lọ rà ní Àgbówà o, láti January 2017 ni àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè run, ti ní kí gbogbo pákó ìdílé Dalbergia máa gba ìwé àṣẹ kó tó kọjá bọ́dà, torí náà tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ rọra.

Mo fi ìfági àti sánpépà fá a títí ó fi ku nǹkan bíi 2 mm. Tó bá fẹ́lẹ́ níbì kan tó nípọn níbòmíì, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn ló máa ká gọngọ. Ẹ wọ máàsìkì, eruku ẹ̀ máa ń mú kí ara yún èèyàn.

Páìpù irin dúdú ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mi ò lo èyí tí wọ́n fi síǹkì bò torí èéfín ẹ̀ ò dáa. Mo dè é mọ́ tábìlì, mo gbé iná gáàsì sínú ẹ̀, NEPA ò ṣeé gbára lé. Tẹ́ ẹ bá wọ́n omi sí i tómi yẹn ń fò kiri, ó ti gbóná tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ rèé: iná ló ń tẹ igi, kì í ṣe omi. Àwọn kan máa ń rẹ pákó sómi mọ́jú, rosewood ò nílò ẹ̀ rárá, omi díẹ̀ tí mo wọ́n sí i kàn jẹ́ kó má jó ni, ooru tó wọnú ẹ̀ ló ń rọ ohun tó so igi yẹn pọ̀. Ìbàdí gìtá ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ torí ibẹ̀ ló ká jù, mo fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ti ojú tí ò kan páìpù, ibẹ̀ ni igi ti máa ń ya, mo wá ń fà á lọ fà á bọ̀. Á kọ́kọ́ ta kú. Ẹ má bá a jà, ẹ ṣáà dúró, tó bá yá ọwọ́ yín á mọ̀ pé ó ti gbà, á rọ̀ bíi rọ́bà, òórùn dídùn ẹ̀ á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ! Lẹ́yìn náà ó sùn nínú móòdù, férémù tó ní ìrísí gìtá.

Gọ́ọ̀mù wá ńkọ́? Òróró inú rosewood ni ọ̀tá ẹ̀. Mo fi sánpépà ha ibi tó máa lẹ̀, mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú acetone, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nù ún, aṣọ yẹn yọ àwọ̀, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo tún nù ún títí àwọ̀ fi dínkù, kíá mo ti kun gọ́ọ̀mù torí tó bá pẹ́ òróró yẹn á tún yọ sójú. Ẹ má jẹ́ kí acetone yẹn kán sára igi funfun tó wà lójú gìtá o, àwọ̀ pupa yẹn á wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀gánwó tí mo la wẹ́wẹ́ ni mo lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀ nínú, péègì aṣọ tí mo rà ní Sábó ni mo fi mú un, mo we rọ́bà mọ́ wọn kí wọ́n lè fún.

Ẹ̀yìn gìtá ló kù. Atẹ́gùn ọ̀sà wa níbí lómi nínú jù, igi tó bá wú tá a wá lẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọyẹ́ bá dé á súnkì, á sì là. Mo ti kó pákó náà sí yàrá tí mo tan bọ́ọ̀bù sí, mítà wà níbẹ̀ tó ń ka omi inú afẹ́fẹ́, tó bá ti wálẹ̀ sí bíi 45 sí 50 nínú 100, màá lẹ̀ ẹ́.