Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dáàbò bo ìbò n'Ìbàdàn, ẹ yéé fowó ṣòfò

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ìdìbò á kù dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á dáwó jọ, owó gidi o, wọ́n á wá ná an síbi tí ò ti lè gba ìbò ẹyọ kan là. Ẹ̀yin àbúrò mi, ó tó gẹ́.

1. Ẹ má gba họ́ọ̀lù olówó ńlá ní Bódìjà ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó máa wá síbẹ̀ ti ní káàdì ìdìbò (PVC) tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà l'Ọ́jà Ọba lẹ̀ bá lọ bá.

2. Ibi tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lẹ ó ti dìbò. Tẹ́ ẹ bá ti kó kúrò níbẹ̀, ẹ tètè ṣe tìránsífà.

3. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni tọ́jú káàdì ẹ̀, kódà kó jẹ́ ire lẹ fẹ́ ṣe. Òfin ìdìbò ò fi ṣeré rárá, ẹ̀wọ̀n wà ńbẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù wá ni kéèyàn dìbò tán kó máa lọ sílé. Nígbà ìdìbò kan, mo wà níbi tí wọ́n ti ń ro èsì wọ́ọ̀dù pọ̀ nítòsí Bẹẹrẹ, iye ìbò yúnìtì kan dé, ejẹ́ńtì ẹgbẹ́ òṣèlú kan fárígá pé ohun tí wọ́n kà kọ́ nìyẹn. Mo pe ẹgbẹ́ tó ní àwọn ló ń ṣọ́ yúnìtì yẹn, fọ́tò àárọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tíṣáàtì funfun báláú, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti lọ jẹ àmàlà kí aago mẹ́ta tó lù! Ìyá àgbà kan tó gbé àga ẹ̀ jókòó títí wọ́n fi kà á tán ló ní kí ọmọọmọ òun ya bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Fọ́tò yẹn la fi hàn wọ́n kí wọ́n tó dá nọ́ńbà padà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì yúnìtì sí, máa gbé e. Ní 25 Oṣù Kejì 2023, èsì ìdìbò ààrẹ ò jáde síbẹ̀ lásìkò, nígbà tó sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, wọ́n ní ibi ìrò-èsì-pọ̀ kọ́ ni IReV. Bébà EC8A, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ èsì yúnìtì sí, ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n kọ ọ́ ní nọ́ńbà àti lọ́rọ̀, kí ejẹ́ńtì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò èyí tí wọ́n bá lẹ̀. Àwọn bàbá wa n'Ìbàdàn yìí fojú rí rògbòdìyàn Wẹ́tìẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò 1965, torí àwọn aráàlú gbà pé ohun tí wọ́n dì kọ́ ni wọ́n kéde.

4 tàbí 5, èyíkéyìí tó bá jẹ́: owó tíṣáàtì yẹn, ẹ fi ra oúnjẹ, omi, tọ́ọ̀ṣì àti páwà báńkì fáwọn tó máa dúró dalẹ́.

Tí ọlọ́pàá bá mú ẹnì kan nínú yín, kó má kọ sítétímẹ́ǹtì láìrí lọ́yà, abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún un láṣẹ láti dákẹ́.

Tí jìbìtì bá sì wà, ẹ gbé fọ́tò yín fún lọ́yà olùdíje lọ́jọ́ kejì, torí ọjọ́ 21 péré ni òfin fún un láti pẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì.