"Orí ń fọ́ mi díẹ̀": àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe nígbà tí ọpọlọ bá farapa

Lálẹ́ ọjọ́ tí bọ̀ọ̀dá mi ṣubú lórí ọ̀kadà lójú títì Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀bà ni wọ́n jẹ. Èmi ni mo bu omi ìfọwọ́ fún wọn. Wọ́n ti fi ẹ̀bátí òsì gbá etí gọ́tà, wọ́n dákú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì jí, wọ́n gbọn eruku ara ṣòkòtò wọn, wọ́n ní kí àwọn èèyàn bá àwọn gbé ọ̀kadà dìde. Nígbà tí wọ́n fi máa délé, ọ̀rọ̀ náà ti di àpárá lẹ́nu wọn. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ní, "Orí ń fọ́ mi díẹ̀," wọ́n wọlé lọ sùn. Gbogbo wa dúpẹ́, a lọ sùn tiwa. Ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n ń hanrun bí ẹni tí wọ́n di nímú, wọ́n ti bì sórí ìrọ̀rí, ìyàwó wọn sì pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. A tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Ọmọlójú òsì ti fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì burú jù nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ kà sílẹ̀: kí èèyàn forí gbálẹ̀, kó dákú, kó jí, ká wá sọ pé "ó ti dìde, kò sí nǹkan kan mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí wọn nígbà tí wọ́n ń fi òkèlè run ọbẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà kò tó kílò kan ààbọ̀. (Ọpọlọ ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ etí odò. Ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kó má bá mi jà.) Ó rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, inú omi ló sì ń léfòó sí láàárín agbárí. Nínú 100 ìwọ̀n ara wa, bíi 2 péré ni ọpọlọ, àmọ́ bíi 20 nínú 100 atẹ́gùn tí ara ń lò, òun ló ń gbà á. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yéé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá dá mọ́ ọn lẹ́nu fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn, èyí tó bá sì kú nínú rẹ̀ kì í hù padà bí irun.

Agbárí ló ń dáàbò bò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà nínú agbárí yẹn, agbárí kan náà ló máa ṣekú pani, torí kò lè fẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú ikùn, ikùn á wú. Agbárí kì í wú. Egungun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí egungun ibẹ̀ bá là, ó lè gé iṣan yẹn, ẹ̀jẹ̀ á wá máa rọra kóra jọ sáàárín egungun àti awọ tó bo ọpọlọ. Ní wákàtí bíi mélòó kan àkọ́kọ́, àyè díẹ̀ ṣì wà, ẹni náà á sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á bèèrè ẹran kún un. Ìgbà tí àyè bá tán ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọpọlọ sísàlẹ̀, síhà ìpàkọ́ níbi tí ohun tó ń darí mímí wà. Ìhanrun tí ẹ gbọ́ yẹn kì í ṣe oorun àsùnwọra.

Àwọn kan á ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó forí gbá sùn rárá, wọ́n á máa gbá a létí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èyí náà kò tọ̀nà. Oorun kọ́ ló ń pa á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oorun máa ń bo àmì mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí. Ẹni tó bá dákú, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ọsibítù ló ń lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe yàrá. Ẹni tí kò dákú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan lọ́jọ́ náà, ẹ máa ṣọ́ ọ: bóyá orífífọ́ náà ń le sí i, bóyá ó ń bì léraléra, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, bóyá apá tàbí ẹsẹ̀ kan ti rọ, bóyá gìrì mú un, bóyá omi tó mọ́ gaara ń jáde nímú tàbí létí rẹ̀, bóyá ọmọlójú kan ti fẹ̀ ju èkejì. Bí ẹyọ kan bá yọjú nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbéra.

Ẹ má sì fún un ní àwọn ìyẹ̀fun orífífọ́ tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé. Áspírìn ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, tí a tún wá fi oògùn ṣí ọ̀nà fún un.

Ìyá wa ní ká fún bọ̀ọ̀dá ní omi tútù mu lóru yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó wọn tí kò gbà. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé omi mì, ọ̀nà ọ̀fun á dà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àṣìṣe mìíràn ni bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn kúrò lójú títì: ẹnì kan á fa apá, ẹnì kan á fa ẹsẹ̀, orí á máa fì sẹ́yìn bí ti adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa, wọ́n á wá fi í sáàárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà mìíràn. Orí tó gbá nǹkan tó báyìí, ọrùn tó gbé e náà lè ti kán. Bí kò bá sí iná tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀, kí ẹnì kan di orí náà mú kó tò pẹ̀lú ara, kí àwọn yòókù gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ tó ṣeé nà sí.

Ibi tí a kọ́kọ́ gbé bọ̀ọ̀dá lọ kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Wọ́n fi omi sí wọn lára, wọ́n ní dókítà máa dé láàárọ̀. Mi ò bínú sí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwa la ṣì í, torí a ò béèrè. Ní Rẹ́mọ yìí, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà wà ní Ṣàgámù, òmíràn wà ní Ìlíṣàn. Ẹ pe fóònù kí ẹ tó wakọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lóru yẹn, bóyá dókítà tó ń la orí wà nítòsí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Áwẹ́, darí dé sí Ìbàdàn ní 1962, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yẹn. Wọn ò tíì pọ̀ títí dòní, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ibikíbi tí ẹ bá yà sí lẹ máa bá wọn.

Rọpárọsẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ ká máa fi róbù pa apá tó kú, ká máa sín gbẹ́rẹ́ sí i, nígbà tó jẹ́ pé inú orí ni ìdí rẹ̀ wà: yálà ẹ̀jẹ̀ dídì dí ojú iṣan, tàbí iṣan bẹ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara, apá ọ̀tún ló ń darí òsì. Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ lọ sápá kan ní ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó tó di pé wọ́n máa wá ọkọ̀, wọ́n á ti máa wá ẹni tó fi ọfà ta á. Ẹni tó bá fẹ́ wá a kó wá a tó bá yá. Nínú rọpárọsẹ̀ tí ojú iṣan ńlá bá ti dí, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni gbèdéke rẹ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì máa kọ́kọ́ fi hàn pé kì í ṣe iṣan ló bẹ́. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kó na apá méjèèjì síwájú, kó sọ gbólóhùn kan. Bí ẹ̀rín bá lọ sápá kan, tí apá kan ń já wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ wo aago, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa lọ. Dókítà máa béèrè àsìkò yẹn.

Lórí gìrì àti wárápá, mi ò ní pẹ́. Ìtọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ran èèyàn. Ṣíbí tí ẹ ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín ló ń ká. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mú ohun líle kúrò nítòsí, bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọsibítù. Àwọn tó ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí gìrì lè fi í sílẹ̀, mo ti rí àpá rẹ̀ lára àgbàlagbà. Àmọ́ àgbo ìtọ̀ màálù ni kí n dúró lé díẹ̀, èyí tí wọ́n ń rẹ ewé tábà, àlùbọ́sà, aáyù àti efinrin sínú rẹ̀. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń dín mímí kù. Ṣúgà àti atẹ́gùn ni oúnjẹ ọpọlọ, àwọn méjèèjì gan-an ni àgbo náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gìrì náà lè dá o, torí ọmọ náà ti dákú.

Ìgbà tí bọ̀ọ̀dá mi délé ni àṣìṣe mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọn kì í kọ sára ògiri ọsibítù. Wọ́n ti la orí wọn, wọ́n gbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun. A wá retí pé ẹni tó jáde nílé náà ló padà wálé. Bọ̀ọ̀dá tí kì í gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni wá ń ju abọ́. Wọ́n á rojú lórí pé iyọ̀ pọ̀, wọ́n á sì gbàgbé pé àwọn rojú. Àwọn ará ilé ní wọ́n ń díbọ́n, àwọn kan ní ayé ló yí wọn lórí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1848, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, irin tó gùn ju mítà kan lọ, tó wúwo tó kílò mẹ́fà, gba abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọkùnrin kan wọlé, ó gba àtàrí rẹ̀ jáde. Phineas Gage lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Kò kú. Kò pẹ́ rárá tó fi sọ̀rọ̀. Àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kì í ṣe Gage mọ́: ọ̀rọ̀ burúkú ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í dúró sórí ìpinnu kan. Iwájú ọpọlọ ni ìjánu wa wà, ibẹ̀ sì ni irin náà gbà kọjá. Ohun tí wọn kì í sábà sọ nípa rẹ̀ ni pé ó padà ṣiṣẹ́, ó wa ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní Chile fún ọdún mélòó kan kó tó kú ní 1860. Ìgbà tí mo kà á fún ìyàwó bọ̀ọ̀dá ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò ní kó lọ sílé bàbá àwọn mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún gun ọ̀kadà kí dókítà tó fọwọ́ sí i. Orí tí kò tíì san, ìkọlù kékeré ti tó o. Mo máa ń wo àwọn ẹlẹ́ṣin ní Ojúde Ọba, àwọn ọmọ Balógun, pẹ̀lú gbogbo ìdùnnú mi, mo sì máa ń rántí pé abetí ajá kì í ṣe àkóto.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló pẹ́ jù kó tó padà sẹ́nu bọ̀ọ̀dá mi. Ní 1861, Paul Broca, dókítà ará Faransé, yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn tó kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, "tan" ni kìkì ohun tí ọkùnrin náà lè sọ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá bá a sọ. Iwájú apá òsì ló ti bàjẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi náà ń gbọ́. Wọ́n lè kọ orin ìsìn tán láìṣìnà, torí orin kì í gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nínú orí, àmọ́ wọ́n á fẹ́ pe bàtà, ṣíbí ló máa jáde. Àṣìṣe tiwa ni pé a ń bá wọn sọ ọ́ tán. Wọ́n á ní "mo fẹ́…", ẹni mẹ́ta á ti dáhùn: omi? oúnjẹ? ẹ fẹ́ sùn? Wọ́n á ju ọwọ́ dànù, wọ́n á dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a jókòó síta, wọ́n nawọ́ sí ojú ọ̀nà, wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ…" Mo pa ẹnu mi mọ́. Mọ́tò mẹ́rin kọjá. Ìyá wa fẹ́ sọ̀rọ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Òógùn bo iwájú orí bọ̀ọ̀dá. "Ì… Ìkẹ́nnẹ́."