Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní àwòrán yíyà bíi ti Georgina Beier

Kí n kọ́kọ́ yanjú eléyìí ná, àwọn kan máa ń rò pé Georgina Beier, ayàwòrán tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo, ni Àdùnní Olórìṣà, òun kọ́ o. Susanne Wenger ni Àdùnní, ará Austria tó ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun. Georgina ní tiẹ̀, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, London ni wọ́n bí i sí ní 1938, Zaria ló ti gbé kó tó wá bá wa l'Òṣogbo, Ulli Beier, òǹkọ̀wé ará Jámánì, kan náà ló fẹ́ Àdùnní tẹ́lẹ̀ tó wá fẹ́ òun, ibẹ̀ ló ti ń rú wọn lójú.

Workshop tí Georgina ṣe ní Mbari Mbayo, ilé àwọn òṣèré àti ayàwòrán l'Òṣogbo, lọ́dọ̀ Dúró Ládiípọ̀ onítíátà ní 1964 lẹ ó wò kọ́ṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ wá àwọn tó gba A nínú Fine Art. Nínú àwọn tó di olórúkọ níbẹ̀, òṣèré tíátà ni Muraina Oyèlámì, iná orí ìtàgé ni Jimoh Buraimoh ń bójú tó fún Ládiípọ̀, Twins Seven Seven sì rèé, ijó ló ń jó fún àwọn tó ń polówó oògùn kiri. Torí náà ẹ pe ọmọ mẹkáníìkì, ẹ pe onídìrí, ẹni tó bá ṣáà ti wù.

Ẹ ní kí kápẹ́ńtà gé hardboard, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́, fún yín, kó tóbi dáadáa, torí bẹ́ ẹ bá fún wọn ní pépà kékeré ẹ̀rù á máa bà wọ́n, wọ́n á kàn máa há a mọ́ igun kan. Ẹ fi emulsion funfun, ìyẹn ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri, kùn ún, kó gbẹ. Emulsion náà ni kẹ́ ẹ fi yà á, ẹ lú u pọ̀ mọ́ omi díẹ̀, ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ǹfẹ̀ ni, kò sí pẹ́ńsù, kò sí írésà.

Ó wá kan èyí tó le jù, kẹ́ ẹ panu mọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé àwòrán kankan kọ́ pé kí wọ́n dà á kọ. Ohun tó jẹ́ ti oníkálukú ni Georgina ń ṣọ́. Ẹ wo Buraimoh, ìlẹ̀kẹ̀ ló bá a lára mu, òun náà ló sì sọ ọ́ di olórúkọ káàkiri ayé, ká ní ẹnì kan ti fi dandan lé e pé búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni kó lò ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ìlẹ̀kẹ̀, kó fa ìlà àwòrán ẹ̀ sórí pákó, kó fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn kápẹ́ńtà ń lò síbi kékeré lẹ́ẹ̀kan, kó to ìlẹ̀kẹ̀ tó ti sín sínú òwú tẹ̀lé ìlà yẹn, kó tó wá kún inú ẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ gbalaja mọ́jú.

Bí workshop bá parí, àwọn tọ́wọ́ wọn ti ń yọ, ẹ má lé wọn lọ o! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ètò òde òní ti ń bàjẹ́, wọ́n á pín sátífíkéètì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Georgina ò jáwọ́ lára àwọn tiẹ̀, òun náà sì ń ya tiẹ̀ lọ, nígbà tó tún dé Papua New Guinea lọ́dún 1967 irú iṣẹ́ yìí náà ló ṣe, ibẹ̀ ni ayàwòrán tó ń jẹ́ Mathias Kauage ti jáde.

Kí oníkálukú kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn pákó ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yà á ní fọ́tò kí oníbàárà tó gbé e lọ.