Bí a ṣe ń mú báìkì ìrìnàjò tuntun bá ara mu

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gun Suzuki GSX-R1000 kí n tó bọ́ sórí Yamaha Tracer 9 GT. Lórí Suzuki yẹn, ńṣe lèèyàn máa ń dojú dé táǹkì, tí ìwúwo ara á sì bọ́ sọ́rùn ọwọ́. Tí mo bá gbéra ní Ọjọ́ta, kí n tó dé Ìbàdàn ọwọ́ mi á ti kú tipiri. Mo wá rò pé ọjọ́ tí mo bá ra báìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn jíjìn ni ìrora tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ sinmi lóòótọ́, ìdí ló wá ń ta mí. Àwọn tó ṣe báìkì kò mọ gígùn apá yín, wọn kò sì mọ bí orúnkún yín ṣe ń ká. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú un bá ara yín mu.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé mo ti rí báìkì olówó ńlá mẹ́rin tí wọ́n bà jẹ́ nídìí àtúnṣe yìí, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ẹni tó ni ín ṣubú. Ìdí hándù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bà jẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù, ìyókù kò le.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan

Ẹ kọ́kọ́ gun báìkì náà bó ṣe wà, ó kéré tán 500 kìlómítà. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kò pé 130 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Ẹ mú ìwé kékeré dání. Níbikíbi tí ẹ bá ti dúró ra epo, ẹ kọ ibi tó ń dùn yín sílẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwé ni mo ní kí ẹ lò, torí ọwọ́ tó ti làágùn kì í jẹ́ kí fóònù gbọ́ràn.

Ìwé yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé ibi tó ń dùn lè má jẹ́ ibẹ̀ ni ìrora ti wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn, ìjókòó ló fà á. Iwájú ìjókòó dà gẹ̀rẹ́, ara ń yọ̀ lọ bá táǹkì, ọwọ́ ló wá ń ti ara padà sẹ́yìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ á sáré lọ gbé hándù sókè, á náwó, ọwọ́ á ṣì máa dùn ún.

Ẹ fi ohun tó wà lára rẹ̀ ṣe é

Ìjókòó Tracer 9 GT tèmi ní ipò méjì, 810 àti 825 mìlímítà. Hándù ní ipò méjì, ibi ìfẹsẹ̀lé náà ní méjì, gíláàsì iwájú sì ń lọ sókè sódò. Kò sí èyí tó ń gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó gbé ìjókòó sókè kó tó fọwọ́ kan ibi ìfẹsẹ̀lé. Ẹ yí ẹyọ kan, ẹ gùn ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó yí òmíràn. Ẹni tó bá yí mẹ́ta pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì náà ńkọ́? Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó lójú ọ̀nà, ẹ na ìka sí wọn. Ẹ̀yìn ọwọ́ gbọ́dọ̀ bá apá dọ́gba. Tí ọrùn ọwọ́ bá ká sókè, ẹ yí wọn wálẹ̀ díẹ̀.

Táyà ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Báìkì tí táyà rẹ̀ le jù máa ń gbo èèyàn bíi pé ṣọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Géèjì 36 níwájú àti 42 lẹ́yìn ni tèmi, nígbà tí táyà ṣì tutù, ìyẹn láàárọ̀ kí n tó jáde. Mi ò gbára lé géèjì fọkanáísà mọ́, torí mo ti wọn táyà kan náà lọ́dọ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ohun tí wọ́n kà fún mi kò bára mu. Ẹ ra tiyín, ẹ fi sínú àpò ìjókòó.

Lẹ́yìn táyà ló kan ṣọ́ọ̀kì. Ẹ pe èèyàn méjì àti ẹni tó máa di téèpù mú. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ lórí sítáńdì àárín, ẹ wọn láti ibi tí nọ́ọ̀tì táyà wà títí dé ibì kan lára báìkì lókè rẹ̀ gan-an, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí i. Ẹ gbé báìkì kúrò lórí sítáńdì, ẹ wọ gbogbo aṣọ ìgùn yín, ẹ jókòó, kí àwọn méjì dì yín mú, kí ẹnì kẹta tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹ kó wà láàárín mìlímítà 30 sí 40. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún sípíríǹgì le. Tí kò bá tó, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ìyàwó tàbí ọmọ máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹni náà lórí báìkì, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìjókòó

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé fóòmù tó rọ̀ ló dára. Fóòmù tó rọ̀ máa ń dùn jókòó lé ní ilé ìtajà, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Ṣágámù, ó ti tẹ̀ pátápátá, orí pákó rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ lẹ jókòó lé. Ohun tó ń gbé èèyàn dúró ni fóòmù líle, èyí tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀. Ìyẹn ni kó wà nísàlẹ̀, kí èyí tó rọ̀ wà lórí rẹ̀, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Télọ̀ ìjókòó ọkọ̀ tó mọṣẹ́ lè ṣe é, kò dìgbà tí ẹ bá ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀bẹ kan ìjókòó tó bá báìkì wá. Ẹ wá tokunbọ̀ kan rà, èyí tí awọ rẹ̀ ti ya kò burú, ti orí rẹ̀ ni kí wọ́n gé. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀yìn fẹ̀ kó sì tẹ́jú, kí iwájú má dà gẹ̀rẹ́, kí etí rẹ̀ níbi itan sì yípo kó má ge ẹran. Ẹ dúró tì í. Kí ó lẹ fóòmù, ẹ jókòó, kó gé díẹ̀, ẹ tún jókòó, kó tó rán awọ lé e.

Ẹni tí kò tíì lówó télọ̀, kó ra ìtẹ́ onílẹ̀kẹ̀ igi tí àwọn awakọ̀ takisí máa ń tẹ́ sórí ìjókòó. Ẹ gé e níwọ̀n, ẹ so okùn rẹ̀ nísàlẹ̀ kó le dan-in, kó má yọ̀. Atẹ́gùn máa ń gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kọjá, nínú oòrùn wa yìí, ó ju awọ lọ. Àwọn kan máa ń lo awọ àgbò Iléyá torí wọ́n rí i pé àwọn Òyìnbó ń tẹ́ awọ àgùntàn. Irun lásán ló wà lára àgbò tiwa, kì í ṣe òwú bíi tiwọn, kì í jẹ́ kí ìdí mí.

Gíláàsì iwájú àti iná

Tí orí bá ń mì tìtì nínú ìbòrí lórí eré 100, afẹ́fẹ́ tó ya kúrò lórí gíláàsì ló ń lu ìbòrí. Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ẹ tẹrí ba díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ na ọrùn sókè díẹ̀. Tó bá rọlẹ̀ nígbà tí ẹ tẹrí ba, gíláàsì kúrú. Tó bá rọlẹ̀ nígbà tí ẹ nàró, gíláàsì ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra gíláàsì gíga nígbà tó jẹ́ pé kúkúrú ló bá wọn mu. Ẹ kì fóòmù kékeré sí etí pẹ̀lú. Ariwo afẹ́fẹ́ ń rẹ èèyàn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó sì ń ba etí jẹ́.

Iná kò le. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ so mọ́ bátìrì gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì gan-an, kí rìwáyà má gé wáyà iná iwájú so mọ́ ọn. Fóònù olówó iyebíye kò yẹ lórí hándù: ní 2021 Apple fúnra wọn kìlọ̀ pé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì báìkì ńlá lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Fóònù àtijọ́ tí ẹ kò lò mọ́ ni kí ẹ fi wo máàpù.

Hándù, níbi tí wàhálà wà

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí èjìká tàbí ẹ̀yìn ṣì ń dùn yín, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ronú ráísà, ìyẹn irin tí a máa ń fi sábẹ́ hándù kó lè ga. Mìlímítà 20 ni mo gbà fún ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, ìyẹn èyí tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá, àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gbé tirẹ̀ sókè ní 40 láì pààrọ̀ nǹkan kan. Báìkì tirẹ̀ jẹ́ èyí tó ń fi wáyà fa throttle, ìyẹn ohun tí a ń fọwọ́ yí lórí hándù kí báìkì lè sáré. Ó fẹ́ yí po nílé epo, ó yí hándù dé òpin lápá ọ̀tún, wáyà le, ó fa throttle ṣí fúnra rẹ̀. Báìkì fò síwájú, ó sì wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi wà nílé. Kò sáré, kò hùwà òmùgọ̀, ẹni tó ṣe é fún un ni kò yí hándù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ráísà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún irú báìkì yín. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní Owódé Onírin lè gé ohun tó jọ ọ́ fún yín lọ́sàn-án kan, owó rẹ̀ á sì dínkù gan-an. Ẹ má ṣe é. Ẹ ò mọ irú alumíníọ̀mù tó jẹ́, hándù sì ni gbogbo ẹ̀mí yín rọ̀ mọ́.

Ẹ gbé báìkì sórí sítáńdì àárín, ẹ fi ìró àtijọ́ bo táǹkì, ẹ ya fọ́tò ibi tí rọ́bà àti wáyà kọ̀ọ̀kan gbà kọjá. Bí ẹ bá ti tú hándù, ẹ fi okùn so ó rọ̀, kó má fi rọ́bà bíréèkì gbé ara rẹ̀ dúró.

Bóòtì ló kàn. Bóòtì tó wá nínú páálí ráísà ni kí ẹ lò, torí ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti tú hándù kan tí wọ́n to wọ́ṣà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, tí bóòtì fi eyín mẹ́ta péré di gbogbo ẹ̀ mú. Bóòtì tó fẹ̀ ní mìlímítà 8 tó ń wọnú alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé tó mìlímítà 12, ó kéré jù. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fún un: ẹ wọn gígùn bóòtì, ẹ yọ ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá kúrò, èyí tó kù ló wọlé.

Ẹ wo àmì tí wọ́n lù sára hándù kí ẹ mú un bá ẹnu ibi tó jókòó sí mu. Ẹ fún bóòtì iwájú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn, bí ọ̀pọ̀ ìwé Yamaha ṣe là á sílẹ̀, kí àlàfo wà lẹ́yìn nìkan. Sípánà tọ́ọ̀kì, ìyẹn èyí tó ń wọn bí a ṣe fún bóòtì le tó, ni kí ẹ fi fún un, ní ìwọ̀n tí ìwé báìkì yín kọ. Mẹkáníìkì á ní ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ yá sípánà náà, ẹ fún un fúnra yín.

Wàyí o, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fò. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan jókòó sẹ́yìn báìkì kí táyà iwájú gbéra nílẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì iwájú lè nà tán. Ẹ yí hándù dé òpin lápá òsì, ẹ wo rọ́bà bíréèkì: ó gbọ́dọ̀ ṣì ní àyè tí ìka lè mì. Ẹ mú kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wò ó bóyá àyè díẹ̀ tó máa ń ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà ṣì wà. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó ń gbá táǹkì tàbí gíláàsì. Lẹ́yìn náà, níta gbangba, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìwọ jíà, ẹ rọra yí hándù láti òsì sí ọ̀tún. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pa á, ẹ má gùn ún lọ síbì kankan. Throttle Tracer 9 kì í lo wáyà irin, ṣùgbọ́n ó ní wáyà iná tó lè gé, ẹ wo òun náà. Ìkòkò òróró bíréèkì orí hándù gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ. Tó bá ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí bíréèkì títí tó fi máa tẹ́jú.

Ẹ gùn ún lọ sí pápá tó ṣófo, ní eré ẹni tó ń rìn. Ẹ yí po lápá méjèèjì dé òpin, ẹ tẹ bíréèkì iwájú gírígírí nígbà márùn-ún. Lẹ́yìn 100 kìlómítà, ẹ tún fi sípánà tọ́ọ̀kì kan gbogbo bóòtì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá ń jókòó tààrà báyìí, ìwúwo ara ti bọ́ sẹ́yìn, iwájú báìkì sì ti fúyẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí Kútọnu tàbí Lomé pẹ̀lú ẹrù, ẹ kó ohun tó wúwo sínú àpótí ẹ̀gbẹ́, aṣọ àti aṣọ òjò nìkan ni kí ẹ fi sí àpótí ẹ̀yìn òkè. Ẹ fi eré kún eré díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé ẹrù. Bí hándù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́tì-lẹ́tì, ẹ dẹwọ́ throttle jẹ́jẹ́, ẹ má gbá bíréèkì mú, ẹ dúró, kí ẹ sì tú ẹrù náà tò ní ọ̀tun.