Bí A Ṣe Ń Mú Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n Tuntun Mọ́ Ojú

Ẹni tí ó bá ti run orín rí mọ̀ pé orín tuntun kì í wúlò ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Igi líle lásán ni. Itọ́ ni yóò kọ́kọ́ rin ín, eyín yóò máa rún un díẹ̀díẹ̀, títí orí rẹ̀ yóò fi ya wẹ́wẹ́, tí yóò sì rọ̀ tó láti kan èrìgì láì ṣe é léṣe. Ohun kan náà gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tí a fi irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ kò lè bá wa parí rẹ̀ tán. Ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó rà á ni yóò parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí, tí ó fi jẹ́ pé bí búrọ́ọ̀ṣì náà bá ti gún wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, tí ọṣẹ kò sì hó bí wọ́n ṣe rò, wọ́n á jù ú sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á sì padà sí fọ́ọ̀mù inú agolo.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wá. Irun ẹlẹ́dẹ̀ nípọn ní ìdí, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí orí. Ó máa ń mu omi sínú ara rẹ̀. Bí ó bá mu omi, á wú, á sì rọ̀, bí ó bá sì gbẹ, á sún kì. Wíwú àti sísúnkì yìí, pẹ̀lú bí a ṣe ń fi í ra ojú, ni ó ń mú kí orí irun kọ̀ọ̀kan pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Orí tí ó pín yìí ni ó ń rọ awọ ara lọ́rùn, tí ó sì ń gbá ọṣẹ mú, nígbà tí ìdí irun náà ṣì le tó láti gbé irùngbọ̀n dìde. Ó máa ń gbà tó ìgbà 10 sí 20 tí a bá fi fá irùngbọ̀n kí èyí tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ń fárùn lójoojúmọ́ lè rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí ń fá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lè lo oṣù kan sí méjì àbọ̀.

Irú búrọ́ọ̀ṣì tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Omega ń ṣe ní ìlú Bologna ní Ítálì láti ọdún 1931, tàbí Semogue ti ilẹ̀ Pọtogí láti ọdún 1955. Wọn kì í wọ́n púpọ̀, wọ́n sì lágbára. Irú mìíràn wà tí a fi irun ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní badger ṣe. Irun tirẹ̀ kì í mu omi sínú ara bẹ́ẹ̀, àárín irun sí irun ni omi ń dúró sí, nítorí náà kì í pẹ́ rárá kí ó tó mọ́ ojú: ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ lò ó bí ìgbà mélòó kan, ó parí. Èyí tí a fi ike ṣe kò nílò ìmúra kankan. Ọ̀rọ̀ kan tún kù kí ẹ tó nawó: bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ara páálí pé irun àdánidá ni, kò tíì sọ irun ẹranko wo. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà "boar", ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mùsùlùmí tí kò bá fẹ́ kí irun ẹlẹ́dẹ̀ kan òun lè ra onírun ẹṣin, ti badger tàbí ti oníke, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra ìfọ̀kànbalẹ̀.

Fífọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́

Búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ tuntun máa ń rùn. Kì í rùn nígbà tí ó gbẹ. Ìgbà tí omi bá kàn án ni ẹ ó gbọ́ òórùn bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Ẹ má bẹ̀rù, kò bàjẹ́. Ẹ bu omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ẹ rẹ irun náà sínú rẹ̀, kí ẹ wá kán ọṣẹ ìfọrun díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì máa yí búrọ́ọ̀ṣì náà lórí rẹ̀ títí yóò fi hó. Ẹ fi ìka tẹ ìdí irun náà díẹ̀díẹ̀ kí ọṣẹ lè wọ inú, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ọṣẹ ìfọbọ́ náà lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí pé ó máa ń kó ọ̀rá tí ó wà lára irun tuntun kúrò. Òórùn tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n yóò máa kó o lọ fúnra rẹ̀.

Omi wọ́ọ́rọ́ ni mo wí, mo sì mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí mo rà, mo fẹ́ kí òórùn rẹ̀ tán kíákíá, ni mo bá da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó nínú kẹ́tù lé e lórí. Òórùn lọ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo ń wo dígí, mo rí irun tí kì í ṣe tèmi ní àgbọ̀n mi, ó lé ní mẹ́wàá, nígbà tí ọ̀sẹ̀ sì fi parí, ìdì irun náà ti ń mì nínú èèkù rẹ̀ bí eyín ọmọdé tí ó fẹ́ ká. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ irun wọ̀nyí mọ́ èèkù, omi gbígbóná sì ti tú u. Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n mi kò ju ọ̀kan lọ: omi tí a kò bá lè fi wẹ ọmọ ìkókó, kí á má ṣe fi kan búrọ́ọ̀ṣì.

Ìfọ̀ àkọ́kọ́ yìí ní ìtàn lẹ́yìn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin kan ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà kó àǹtíráàsì, àrùn ẹran ọ̀sìn tí ó máa ń ran ènìyàn, láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n, nítorí pé irun ẹṣin tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè láti fi ṣe wọ́n kò gba ìtọ́jú tí ń pa kòkòrò àrùn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba fi òfin dè é. Èyí tí wọ́n ń tà tuntun lónìí kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1930 ní ọjà àlòkù, ẹ gbé e sórí pẹpẹ fún ẹwà, kí ẹ má ṣe gbé e kan ojú.

Rírẹ ẹ́ sínú omi

Ní ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ lo irun ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́. Ẹ da omi wọ́ọ́rọ́ sínú kọ́ọ̀bù, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ ní orí kodò, kí omi bo irun nìkan, kí ó má ṣe dé èèkù, pàápàá bí èèkù náà bá jẹ́ igi, nítorí pé igi tí ó ń mu omi lójoojúmọ́ yóò wú, yóò sì là. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó. Ẹ lè gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé ìwẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ó ti rọ̀. Nígbà tí ó bá ṣì tuntun gidi, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ rọra fún un, kí ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tutù ṣùgbọ́n kí omi má ṣe máa kán.

Pípo ọṣẹ

Ibí ni sùúrù ti ń tán jù. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun máa ń jẹ ọṣẹ. Ẹ ó rí i tí ìfófó kún orí rẹ̀, ẹ ó gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí ẹ tó dé ti òsì, ìfófó ti wọlé lọ. Ẹ̀bi yín kọ́, ẹ̀bi ọṣẹ náà kọ́. Irun tí orí rẹ̀ kò tíì pín kò rí ohun tí yóò fi gbá a mú. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ lo ọṣẹ tí ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì lórí ọṣẹ fún bí ìṣẹ́jú ààyá 40, kí ẹ má ṣe ki orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ kò fárùn, ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é, ọ̀nà yìí sì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ọwọ́ a máa sọ ohun tí ojú kò lè sọ. Ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì lórí ọṣẹ, ẹ ká ọwọ́ òsì bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bu omi mu, kí ẹ sì máa yí i nínú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìfófó tí yóò jáde yóò ní ojú ńláńlá, yóò máa fọ́ bí ti ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, bí ẹ̀kán mẹ́ta, kí ẹ máa yí i lọ. Ojú ìfófó náà yóò máa kéré sí i títí ẹ kò fi ní rí i mọ́, yóò wá ki, yóò sì fúyẹ́ bí ẹ̀wà àkàrà tí wọ́n ti pò títí tí ó fi wú. Bí ẹ bá gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, tí ìfófó náà sì dúró ṣóńṣó ní àtẹ́lẹwọ́ láì wó, ó ti tó. Ẹ rọra fún un jáde, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ṣan búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì sá a. Ó kà sí ìgbà kan nínú ogún.

Bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó rárá, ẹ kọ́kọ́ fura sí omi. Àwọn ìyá wa tí ń fọ aṣọ mọ̀ pé ọṣẹ máa ń hó nínú omi òjò ju nínú omi kànga lọ, nítorí pé ohun alumọni inú ilẹ̀ ti wọ omi kànga, ọṣẹ kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi bọ́ọ̀hóòlù ní àdúgbò mìíràn. Ẹ fi ike gbe omi òjò pamọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Ní ti ọṣẹ dúdú, mo ti dán an wò: ó hó gan-an, ṣùgbọ́n ìfófó rẹ̀ rọ kí n tó fá ẹ̀gbẹ́ kan tán. Ọṣẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún fífárùn ni ó yẹ iṣẹ́ yìí.

Lórí ojú

Ẹ máa yí búrọ́ọ̀ṣì róbótó lórí irùngbọ̀n, kí ẹ sì fi fífà síhìn-ín sọ́hùn-ún parí rẹ̀, bí ẹni ń kun ilé lọ́dà. Orí irun nìkan ni ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí èèkù fi fẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, àárín ìdì irun náà ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́, yóò sì fi ihò sílẹ̀ láàárín bí orí ẹni tí ó ń pá. Ìgúnni ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń dín kù láti bí ìgbà karùn-ún. Fún àwa tí irùngbọ̀n wa máa ń ká, tí kókó wẹ́wẹ́ sì máa ń yọ lẹ́yìn fífárùn, gbígbé tí búrọ́ọ̀ṣì ń gbé irun dìde kí abẹ tó dé ibẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Bí àwọn kókó náà bá ti di egbò, ẹ má ṣe fi irun líle ra ibẹ̀ títí yóò fi jinná.

Irun díẹ̀ yóò já ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́. Méjì, mẹ́ta, kò burú. Bí ó bá ń já lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn ìgbà kẹwàá láìjẹ́ pé omi gbígbóná kàn án, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Gbígbẹ

Àwọn kan rò pé omi ni ó ń rọ irun, nítorí náà wọ́n á rẹ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́jú lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa retí àrà. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Bí irun kò bá gbẹ, kò ní sún kì. Bí kò bá sún kì, orí rẹ̀ kò ní pín. Mo tún ti gbọ́ ti àwọn tí ń gbé e sínú fíríìjì kí ó lè dì, kí ó sì yá kíákíá. Èmi kò rí ohun tí wọ́n ń sá eré bẹ́ẹ̀ sí.

Lẹ́yìn lílò, ẹ ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé ọṣẹ tí ó bá gbẹ sí ìdí irun a máa mú un ṣẹ́. Ẹ fún un pẹ̀lú ọwọ́, ẹ má ṣe fà á. Ẹ di èèkù rẹ̀ mú, kí ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta sí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ bí ẹni ń wọ́n omi, ẹ fi orí rẹ̀ pa aṣọ ìnura síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì gbé e nàró tàbí kí ẹ fi kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kì í ṣe inú ilé ìwẹ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í sì í ṣe inú páálí tí ó bá dé. Ẹ fún un ní wákàtí 24. Ní ìgbà ọyẹ́, kí ó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ táútáú. Ní àárín òjò oṣù Keje, ó lè di ọjọ́ kejì, ẹ ó sì rí i pé ìdí rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí orí rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fi ìka wo ìdí yẹn kí ẹ tó gbà pé ó ti gbẹ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ ìgbẹrun lé e, ẹ má sì ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

Ní bí ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ sí iwájú fèrèsé, kí ẹ fi àtàǹpàkò ya irun díẹ̀ sọ́tọ̀. Orí wọn yóò ti funfun ju ara wọn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì ti yà bí igi tí a fi ń ṣe rọ́bà ìpẹyẹ. Ìdì irun náà yóò ti ṣí sí i, yóò dà bí ẹni pé ó kúrú, nítorí pé ó ti fẹ̀. Ìfófó tí ẹ bá pò lẹ́ẹ̀kan yóò tó láti fi kun ojú lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú méjì nínú omi yóò sì ti tó o. Láti ìgbà náà, ẹ fi ọṣẹ ìfọrun fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ má sì ṣe yá ẹnikẹ́ni lò. Bí ẹ bá ra èkejì, ẹ máa lò wọ́n ní ìyípo, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́.