Bí Ará Ilé Ayálégbé Ṣe Lè La Kónílé-Ó-Gbélé Kọjá

Òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì ní Èkó àti Abuja, jẹ́ òfin tí ó bá ẹni tí ó ní géètì, ẹ̀rọ omi tirẹ̀ àti fíríìsà mu. Ẹni tí ó ń gbé ilé ayálégbé, níbi tí yàrá ti kojú sí yàrá, tí gbogbo ará ilé sì ń pín ilé ìdáná kan àti ilé ìwẹ̀ kan, kò lè gbélé lọ́nà tí ìjọba gbà rò ó, nítorí pé inú ilé rẹ̀ gan-an ni èrò ti pọ̀ jù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ní Agége lásìkò náà, ìdílé mẹ́jọ sì ni wá. Àwa àti irú wa ni mo kọ ìlànà yìí fún, bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá tún dé: ilé tí à ń gbé ni kí a wò kí a tó ṣètò, kì í ṣe ilé tí ó wà lọ́kàn ẹni tó kọ òfin.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹnì kan nínú ilé ka òfin náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Ààrẹ yọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó yọ àwọn tí ń ṣe oúnjẹ, tí ń kó o kiri àti àwọn tí ń tà á sílẹ̀, ó yọ ilé epo, iléeṣẹ́ iná mànàmáná àti àwọn ẹ̀ṣọ́ aládàáni sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lè fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò ṣeé ṣe láti ilé. Obìnrin tó ń ta ata nínú ilé wa jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí ó tó mọ̀ pé òfin kò lé òun kúrò nídìí ata. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì ti jẹrà kí a tó mọ̀.

Ẹ wo ẹni tí ó fọwọ́ sí òfin náà pẹ̀lú, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìjọba àpapọ̀ gbé tirẹ̀ lé òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1926, àwọn ènìyàn bíi Wọlé Ṣóyínká sì béèrè ní gbangba bóyá Ààrẹ ní agbára láti ti ìpínlẹ̀ pa bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó ti ṣe ìlànà tirẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà nínú ìkéde Ààrẹ, ṣùgbọ́n Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ará ìlú lè ra oúnjẹ, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wá ń fi ààyè sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún ìjáde sí ọjà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sùn ní Ọ̀tà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà wà lábẹ́ ìlànà oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yẹ kí ó mọ èyí tí ó kan òun ní ìhín ààlà àti èyí tí ó kan òun ní ọ̀hún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe ìpàdé ilé ní ìta gbangba, kí ó má sì pẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi ṣáájú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí a fi ẹnu ẹ̀rọ sí, lórí àga, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ọṣẹ tí a fi okùn so kí ó má baà di ti ẹnì kan, ni ó tó. Ẹ kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí yóò pọn omi kún un sára ògiri, nítorí pé omi tí kò ní olúwa kì í pẹ́ tán. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀wọ́n sanitáísà kó ìdààmú bá yín: ọṣẹ, ì báà ṣe ọṣẹ dúdú, a máa tú ọ̀rá tí ó bo kòkòrò àrùn náà ká, bí a bá fọ ọwọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ọwọ́ àti ohun tí ọwọ́ kàn ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó hàn kedere pé èémí àwọn ènìyàn nínú yàrá tó há, tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí, jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí àrùn Kòrónà ń gbà ràn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ayálégbé gùn, ó ṣókùnkùn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní títì nítorí olè. Ibẹ̀ ni a ń dúró sí sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń ṣeré, ibẹ̀ ni a ń tò sí láti wẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ kó àwọn ọmọ àti ọ̀rọ̀ síta, kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá kọjá níbẹ̀ sì lo ìbòmú. Ẹ pín ilé ìdáná ní wákàtí-wákàtí. Ìjà tí a jà jù ní oṣù kẹrin ọdún náà, orí ilé ìdáná ni, nítorí pé ẹni tó fẹ́ se ẹ̀wà kò lè fara mọ́ wákàtí kan. A wá gbà pé kí ẹlẹ́wà rẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́jú.

Ẹ wo ibi tí àwọn àgbà ń sùn. Ìyá àgbà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wa, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kojú sí ògiri ilé kejì. A bá tọkọtaya tó ń gbé yàrá iwájú sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà láti pàrọ̀ yàrá pẹ̀lú mama títí nǹkan yóò fi rọlẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Òru ní ìṣòro tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìbẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta tí ń jalè, ìyẹn àwọn ọmọ Awáwá àti àwọn tí ń pe ara wọn ní One Million Boys, gba Agége, Alágbàdo, Ìfọ̀ àti Ọ̀tà kan, débi pé àwọn ọkùnrin ń sun táyà ní orí títì, wọ́n sì ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú yóò ti gbogbo fèrèsé, yóò sì gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n má baà jí i gbé. Ẹ má ṣe èyí láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara jẹnẹrétọ̀ jáde lè pa ará ilé lójú oorun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta pútú. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó ní ìta, tàbí kí ẹ sùn nínú òkùnkùn. Ní ti ẹ̀ṣọ́, ẹni méjì-méjì pẹ̀lú fèrè lẹ́nu sàn ju ogún ọkùnrin tí wọ́n kóra jọ yí iná ká, tí wọ́n ń mu láti inú ife kan náà.

Ní ti oúnjẹ, ìmọ̀ràn pé kí a ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́ kò wúlò fún ẹni tí owó òòjọ́ ni ó fi ń jẹun. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún dá owó jọ, kí wọ́n ra àpò gàrí kan, kí wọ́n sì fi kóńgò pín in níṣojú ara wọn. Ẹnì kan ni kí ó lọ sí ọjà fún gbogbo ilé, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò sì gbé pẹ̀lú arúgbó. Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ tètè bá alájọ sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ gba owó lè gbé àrùn kiri láìmọ̀, owó yín sì lè há sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Tiwa gbà kí a yí ètò padà, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kọ́kọ́ kó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́ ni ó wá ń gbé òṣèlú wọlé. Nígbà tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ètò oúnjẹ Èkó ní òpin oṣù kẹta, 200,000 ìdílé ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ fi èyí wé iye èrò tó wà ní Èkó, ẹ ó mọ̀ pé kò lè kárí, àti pé ìwé orúkọ ni yóò pinnu ẹni tí yóò rí i. Ẹ má dúró de alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹ kọ orúkọ ilé yín fúnra yín: iye ìdílé, iye ẹnu tó ń jẹun nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà, àwọn aboyún, àwọn aláìsàn. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé ìdílé mẹ́jọ ni ẹ jẹ́, nítorí pé ẹni tó ń kọ orúkọ lójú pópó a máa ka ilé kan sí ìdílé kan. Ẹ fún alága ní ẹ̀dà kan, kí ó fọwọ́ sí tiyín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Nígbà tí oúnjẹ bá dé, ẹ béèrè níṣojú gbogbo ènìyàn pé àpò mélòó ni ó wọ àdúgbò. Ìbéèrè tí a fi ọ̀wọ̀ bi níta gbangba, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ṣòro láti yẹ̀ sílẹ̀ ju ariwo lọ. Àpò kan ni ó dé ilé wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fún ìdílé mẹ́jọ; ìwé wa ni a fi gba méjì sí i ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má ju ìwé náà nù bí ìlú bá ṣí, nítorí pé oúnjẹ tí kò dé ọwọ́ yín lè ṣì wà nípamọ́ níbì kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, lásìkò ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, wọ́n sì bá oúnjẹ tí àwọn oníléeṣẹ́ ńlá kó jọ lábẹ́ àsíá CACOVID níbẹ̀.

Bákan náà, ẹ má fi ìwà àwọn olóṣèlú díwọ̀n ewu. Ẹgbẹ́ PDP ṣe àpéjọ ńlá ní Mápó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìkìlọ̀ nípa èrò ti wà nílẹ̀. Nígbà tí Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ, kú ní oṣù kẹrin, èrò rọ́ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Abuja láìjìnnà síra wọn. Àwọn tí wọ́n lè rí dókítà láàárín wákàtí kan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní láti jáde, ẹ mú káàdì iṣẹ́ tàbí lẹ́tà dání, ẹ yọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè, ẹ má sáré, ẹ má sì bá ọlọ́pàá tó gbé ìbọn jiyàn lórí ohun tí òfin wí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo. Ní àárín oṣù kẹrin, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 nídìí òfin náà, nígbà tí àrùn fúnra rẹ̀ pa 12. Bí aboyún bá wà nínú ilé, ẹ bá nọ́ọ̀sì tó súnmọ́ yín jùlọ àti ẹni tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán, kí ìrọbí má baà bá yín lójijì ní òru.

Ẹ ṣọ́ra fún àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Ní ọdún 2014, nígbà Ebola, wọ́n ní kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Ó pa àwọn kan tí Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ní ọdún 2020, chloroquine ni, àwọn ènìyàn sì lò ó ní àlòjù ní Èkó débi pé wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní tirẹ̀ sọ pé òun lo habatusaoda (òróró irúgbìn dúdú) pẹ̀lú oyin nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní àrùn náà. Kò burú, n kò sì bá alágbo jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó kó Kòrónà ni ara wọn yá, ì báà ṣe pé wọ́n lo nǹkan tàbí wọn kò lò ó, nítorí náà ìwòsàn ẹnì kan kò fi hàn pé ohun tó mu ni ó wò ó. Ẹ mu àgbo yín bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì tún pe NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, ní 6232 bí ikọ́ àti ibà bá wá pọ̀ mọ́ àìlèmí dáadáa.

Bí wọ́n bá wá gbé ẹnì kan nínú ilé lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ onífunfun dé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, gbogbo àdúgbò ni yóò dúró wo yín. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ fún àwọn tó ń tọpa àrùn, ẹ má sì fi bú u lẹ́yìn tó bá dé. Kí àwọn tó bá a gbé yàrá kan náà jókòó sí tiwọn fún ọjọ́ 14, kí àwọn yòókù sì máa gbé oúnjẹ àti omi sí ẹnu ọ̀nà wọn, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì yẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má po jíìkì pọ̀ mọ́ ọṣẹ ìfọṣáláńgá mìíràn nígbà tí ẹ bá ń fọ ilé ìwẹ̀ tí wọ́n lò, nítorí pé èéfín wọn papọ̀ a máa dá èémí dúró.

Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ dẹ okùn, tí ó ku ìséde aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ nìkan, èrò kún ẹnu ilé ìfowópamọ́ ní Èkó bí ẹni pé àrùn ti kú. Bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí i bí àpò bá gbà á, ẹ rán ẹnì kan tó ní káàdì ATM lọ fún gbogbo ilé, ẹ má sì tíì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.